Ẹ̀bátí Ìyàwó: irun ìgbéyàwó kan tí mo ṣe ní Kétu, láti ọ̀sẹ̀ 7 ṣáájú títí di ọjọ́ tí a tú u

Ẹ jẹ́ n kọ èyí sílẹ̀ báyìí kó má baà di ohun ìgbàgbé, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì ń bi mí, àwọn onídìrí ẹgbẹ́ mi náà ń pè mí lórí fóònù pé báwo ni mo ṣe ṣe irun ìyàwó yẹn tí iwájú orí rẹ̀ fi kún bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ bí ẹ̀bátí rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀. Kétu níbí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lọ́nà tó lọ sí Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yìí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà, Ìyàwó ni màá máa pè é. Ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ó ní kí n kọ ọ́ dáadáa.

Ó ku ọ̀sẹ̀ 7 géérégé nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ wọlé. Ìdána máa wà ní Ọjọ́bọ̀, mẹrí (ìgbéyàwó ti ìjọba) àti ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, nínú oṣù Dèsáńbà tí ọyẹ́ máa ń mú. Ó ti fi aṣọ wérí. Kí n tó sọ pé ẹ jókòó ló ti na fóònù sí mi, "Àǹtí, ẹ wò ó, bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí." Mo wò ó. Ọmọbìnrin kan tí irun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, irun íńṣì 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fi gulú lẹ fírọ́ńtà, irun tí wọ́n hun sórí lẹ́ẹ̀sì fún iwájú orí, mọ́ iwájú orí rẹ̀ débi pé o ò lè mọ ibi tí lẹ́ẹ̀sì parí sí. Ó dára, mi ò ní parọ́. Mo ní kó tú aṣọ orí.

Tírẹ́ẹ̀sì wẹ́wẹ́, irun dídì tí wọ́n fi mẹ́ṣì (irun àfikún) kún, ló wà lórí rẹ̀, tó ti pé ọ̀sẹ̀ 6, ibòmíràn ni wọ́n ti bá a ṣe é, wọ́n sì fà á débi pé o máa rí kókó funfun kéékèèké ní ìdí àwọn tó wà ní iwájú. Ẹ̀yin onídìrí, ẹ mọ kókó tí mò ń sọ. Bí ẹ bá ti rí i, kì í ṣe ẹwà, irun ló ń bẹ̀bẹ̀ yẹn. Mo bi í pé ṣé ó dùn ún lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ó ní òun fi ọjọ́ 3 lo oògùn orí fífọ́, òun ò rí ẹ̀gbẹ́ fi lé ìrọ̀rí.

A tú u lọ́jọ́ kejì. Mo gé mẹ́ṣì ní ìsàlẹ̀ ibi tí irun tirẹ̀ parí sí, a fi omi àti òróró àgbọn díẹ̀ rọ ibi tí ìdọ̀tí ti dì ní ìdí irun, a fi ọwọ́ tú u kí òòyà tó kàn án, a sì bẹ̀rẹ̀ òòyà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìgbà tí a dé àárín, Ìyàwó rí òkìtì irun lórí itan rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Àǹtí, mo ti pá lórí." Ìyá rẹ̀ náà dìde.

Mo dá iṣẹ́ dúró. Mo mú irun kan nínú òkìtì yẹn, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo ní kó wo orí rẹ̀ kan. Ohun funfun tíńtín kan wà níbẹ̀ bí ẹyin èèrà. Irun tó bá ní ohun funfun yẹn, ó ti pé ọjọ́ rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló jáde láti ìdí. Orí èèyàn máa ń já irun bíi 50 sí 100 dànù lójúmọ́, ìwọ lò ń fi òòyà kó o kúrò díẹ̀díẹ̀ tí o ò fi mọ̀. Tí o bá wá dirun fún ọjọ́ 42, kò ríbi jáde lọ, inú tírẹ́ẹ̀sì ló máa dúró sí, ọjọ́ tí o bá tú u ni gbogbo rẹ̀ máa já sílẹ̀ pọ̀, ó lè tó 4,200. Ìyá rẹ̀ jókòó padà. Ṣùgbọ́n mo mú òmíràn fún un, kúkúrú, kò ní ohun funfun ní orí méjèèjì, mo ní èyí ló yẹ kó bà wá nínú jẹ́, èyí kán ni. Irú èyí sì pọ̀ nínú ohun tó jáde ní ẹ̀bátí.

Ẹ̀bátí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lápá òsì, irun ti fà sẹ́yìn tó ìbú ìka méjì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, mo rí irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti ọmọ tuntun, mo sọ fún un pé èyí ṣì wà láàyè. Lápá ọ̀tún, ẹ̀bá etí gan-an, ibì kan wà tó ń dán bí èékánná, o ò rí ihò irun kankan níbẹ̀. Ibi tó bá ti dán báyẹn, mi ò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, mo ní lẹ́yìn ìgbéyàwó kó lọ rí dókítà awọ ara, torí iṣẹ́ tiwa ní ibi tó mọ. Ọdún bíi 4 ló ti ń ti orí tírẹ́ẹ̀sì fífún bọ́ sórí wíìgì tí wọ́n fi gulú lẹ̀, tó bá tú ìkan lónìí, òmíràn lọ́la, orí ò sinmi rí.

Nítorí náà ohun tí mo bá wọn sọ kí a tó sọ̀rọ̀ mẹ́ṣì rárá ni pé irun kì í hù ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù kan, ọ̀sẹ̀ 7 yìí kò lè tó sẹ̀ǹtímítà 2, ẹni tó bá ní òun máa mú iwájú orí rẹ kún padà kó tó di ọjọ́ náà, owó rẹ ló fẹ́ gbà. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí èyí tó kù má kán mọ́, kí a sì wá irun tí orí yìí lè gbé láì jẹ́ pé ẹ̀bátí ló ń gbé e. Gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé. Ìyàwó ò dáhùn. Mo mọ̀ pé fọ́tò yẹn ṣì wà lójú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti sọ fún un pé kó lo rílásà ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó kí irun lè nà tín-ín-rín. Mo ní rárá o. Oṣù 4 ló ti lò ó kẹ́yìn, irun tuntun tó ti hù jáde tó sẹ̀ǹtímítà 4, ojú ibi tí tuntun àti àtijọ́ ti pàdé ni irun ti máa ń kán jù, ó tún ti fi èékánná họ orí rẹ̀ nígbà tí tírẹ́ẹ̀sì ń yún un. Òmíràn nínú rílásà wọ̀nyí, sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀, ẹ wá fi ìyẹn sí orí tó ní ọgbẹ́, kó sì wá jókòó níwájú pásítọ̀ pẹ̀lú èépá? Kódà ẹni tí orí rẹ̀ dá ṣáṣá, mo máa ń ní kó fi ọ̀sẹ̀ 2 sáàárín rílásà àti irun dídì.

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan la ń fọ̀ ọ́, ọjọ́ Ajé, torí ṣọ́ọ̀bù máa ń dá lọ́jọ́ náà. Ṣámpúù díẹ̀ sí awọ orí nìkan, lẹ́yìn náà ìpara tí a ń fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì tí a ti bọ omi gbígbóná. Mo gé orí irun tó ti pín sí méjì dànù, bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ó dùn ún. Dípò kí n fi ẹ̀rọ gbígbóná nà án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo fi òwú dúdú kó o. Irun kíkó àtijọ́ yẹn náà ni, kò sí iná níbẹ̀, irun á nà fúnra rẹ̀, kò sì fa iwájú tí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ wá wò wá lọ́jọ́ kan, ó rí òwú lọ́wọ́ mi, ó ní, "Háà, ẹ ṣì mọ èyí?" Ó jókòó, ó kó apá kan fún wa, ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ọjọ́ kejì ló gbé òrí ránṣẹ́, èyí tó wá láti òkè Párákù, tó ṣì ń rùn òórùn rẹ̀. Omi la kọ́kọ́ ń fọ́n sí irun, kí òrí tó gun orí rẹ̀, torí òrí ò lè fún irun gbígbẹ lómi, ó kàn ń dì í mọ́ inú ni, nínú ọyẹ́ ìyàtọ̀ méjèèjì hàn gan-an.

Ìyá àgbà yẹn náà ló bi mí pé ṣé ẹ ò ní dì í ní ṣùkú ni, ìyàwó tí kò di ṣùkú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, èmi náà fẹ́ràn ṣùkú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ṣùkú ṣe ń lọ, láti etí gbogbo orí yípo ni wọ́n ti ń fà á lọ sí àtàrí, etí irun ló máa ru gbogbo ìnira rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ìyá gba ibẹ̀ lórí ọmọ náà, ó fọwọ́ kàn án, ó mi orí, ó ní ó dáa, kí a dì í fún àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe, àbúrò ìyàwó ló di ṣùkú lọ́jọ́ ìdána.

Ọ̀rọ̀ fírọ́ńtà ò tíì kúrò nílẹ̀ nígbà yìí. Mi ò fẹ́ bá a jà, mo ní kó jẹ́ ká dán gulú wò ná. Mo fi èyí tó kéré bí ẹ̀wà kan sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú, mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 2. Kò tó ọjọ́ 2. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ti dé, ẹ̀yìn etí rẹ̀ ti pọ́n, ó wú díẹ̀, ó ní òun ò sùn. A fọ̀ ọ́ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Àǹtí, ká ní gbogbo iwájú orí mi ni ńkọ́?" Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti dárúkọ fírọ́ńtà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dán gulú wò fún gbogbo èèyàn, kódà ẹni tó ti lò ó rí, ara lè kọ̀ ọ́ lójijì.

Ìgbà tí mo rò pé a ti bọ́, Tàǹtí dé láti Kútọnu. Àbúrò bàbá ìyàwó ni, ó kó ìdì mẹ́ṣì 6 wá, íńṣì 24, nínú páálí dúdú tó ń dán, ẹ̀bùn ìgbéyàwó, owó ńlá ló ná sí i, ayọ̀ sì hàn lójú rẹ̀. "Irun ènìyàn gidi ni o, wọ́n búra fún mi." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo kí i, mo dúpẹ́, mo fọwọ́ pa á. Ó rọ̀, ó ń dán jù. Irun ènìyàn kì í dán báyẹn lábẹ́ oòrùn, tirẹ̀ máa ń rọlẹ̀.

Mi ò sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn. Mo pe Tàǹtí àti ìyá ìyàwó wọ inú yàrá, mo ní ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká wò ó pọ̀. Mo fa irun bíi 10 yọ láti ìdì kan náà, mo to wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo gbé àwo tánńganran sílẹ̀, mo ṣá ìṣáná. Èyí àkọ́kọ́ ká kò, ó jó kíákíá, òórùn rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń rá ìyẹ́ adìẹ nínú iná, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó di eérú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ò jó báyẹn. Ó sún kì, ó yọ́, ó kán sórí àwo bí omi dúdú, ó dì, ó di kóró kan tó le bí èso ìlẹ̀kẹ̀, òórùn ike jíjó gba yàrá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta eérú, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin kóró. Wọ́n ti pò ó pọ̀, ti ènìyàn àti ti ẹ̀rọ nínú ìdì kan. Tàǹtí fi èékánná họ kóró yẹn lórí àwo, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó tà á fún un mọ ohun tó ń tà.

Kì í ṣe pé mẹ́ṣì ẹ̀rọ burú, èmi náà ń fi dirun lójoojúmọ́, tí o bá rẹ ẹ́ sínú omi tó ní ọtí kíkan díẹ̀ kó tó di lílò kì í yún orí, ó sì fúyẹ́ nínú àpò. Ṣùgbọ́n irun tí wọ́n máa fi irin gbígbóná tẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tó bá jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ máa yọ́ mọ́ irin, ọ̀ràn ni.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà tún wà níbẹ̀, kódà ká ní ojúlówó ni. Ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 gíráàmù, 6 di 600. Mo bu omi kún ìgò ìdajì lítà kan, mo fi lé Ìyàwó lọ́wọ́, mo ní èyí ò tíì tó o, kó nawọ́ sójú kan kó gbé e dúró. Kò tó ìṣẹ́jú 3 tó fi gbé e sílẹ̀. Mo ní èyí ni o fẹ́ so mọ́ irun rẹ láti àárọ̀ Sátidé di òru, pẹ̀lú ijó. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé irun tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ó máa dà á sílẹ̀ ni àbí ó máa ká a? Torí aṣọ ìyàwó rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọ̀nà rẹ̀ ẹ̀yìn ló wà, bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ láti ọrùn dé ìdí. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn, ó ní wọn ò lè sanwó fún ẹ̀yìn aṣọ kí irun wá bò ó. Bí a ṣe dé ibi ṣìnyọ́ọ̀n nìyẹn, kí a ká a bí òṣùká sí ìpàkọ́ nísàlẹ̀, irun tí a sì máa ká, kí la fẹ́ fi íńṣì 24 ṣe? Íńṣì 14 ti tó, ìdì 2.

Èmi àti ìyá ìyàwó la lọ sí Àjàṣẹ́, ọjà Wàndó. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kí a tó kúrò nílé ni pé mo gé irun ìyàwó bíi ẹyọ 20, lẹ́yìn tí mo ti nà án bó ṣe máa rí lọ́jọ́ náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà funfun, mo fi sínú pọ́ọ̀sì. Má ṣe fi ojú inú ra mẹ́ṣì. Abẹ́ iná ìsọ̀ gbogbo dúdú jọra, a gbé e jáde sí oòrùn, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà àwọ̀ 1 sí dúdú bí aró, lára pépà o rí i pé irun tirẹ̀ pọ́n díẹ̀ sí i, 1B ló bá a mu. Èyí tó rọ̀ bíi ti àwọn ará Íńdíà náà la fi sílẹ̀, torí irun wa tí a nà ní agbára lọ́wọ́, tí o bá fi èyí tó ń yọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹ, gbogbo èèyàn á rí ibi tí wọ́n ti pínyà, yáákì, èyí tó rí bí irun wa tí a nà, la mú. Mo fi ọwọ́ gba inú ìdì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tó ń já lọ́wọ́ mi mo dá a padà. 45,000 fáránkì sẹ́fà la ra ọ̀kan, 90,000 lápapọ̀, ìyá ìyàwó dúnàá-dúrà títí tí mo fi jókòó. Mo tún sun ìkan níbẹ̀ lójú olówó. Eérú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ 3, a ṣe ìdánwò, gèlé àti fẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú gbogbo ohun ọ̀ṣọ́. Inú mi dùn pé a ṣe é. Mo di irun ẹ̀yìn ní kólẹ́sẹ̀ tí kò fún, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, mo rán mẹ́ṣì mọ́ ọn láti ìpàkọ́ sókè, ó dúró ní àárín orí, kò dé ìwájú rárá. Irun tirẹ̀ ní iwájú wà ní títú. Dípò kí n fà á sẹ́yìn, mo ya á sí ẹ̀gbẹ́, mo mú irun tó wà lẹ́yìn díẹ̀, níbi tó ti kún, mo dà á wá síwájú kó rọra bo ẹ̀bátí kó tó lọ sẹ́yìn etí. Kò sí ohun tí ẹ̀bátí ń gbé. Ìyàwó wo dígí, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ibo ló lọ?"

Gèlé ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wé e fà á gírígírí, orí ẹ̀bátí méjèèjì gan-an ló sì ti so ó, mo rí i tí Ìyàwó dijú. Gbogbo ohun tí a ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ 4, gèlé ọjọ́ kan lè bà á jẹ́. Mo bẹ arábìnrin náà, a jọ tún un wé, ó fi aṣọ sátínì pẹlẹbẹ sábẹ́, ó gbé etí gèlé sọ̀kalẹ̀ sí iwájú orí, ó sì lo pín-ìnnì ní ẹ̀yìn dípò kó máa fà á. Ìgbà mìíràn tí mo bá tún gba irun ìyàwó, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni màá ti bi í pé ta ló máa wé gèlé.

Ọjọ́bọ̀ ìdána lọ dáadáa, kólẹ́sẹ̀ nìkan ló wà lábẹ́ gèlé, a ò tíì rán nǹkan kan. Alẹ́ Ẹtì ni mo rán mẹ́ṣì, mo tẹ̀ ẹ́, ó fi sátínì wérí sùn. Àárọ̀ Sátidé iná lọ láti aago 5, kò sì dí wa lọ́wọ́, kíká ló kù. Inú òṣùká yẹn ní láti kún kó tó yọ, ní ibi tí àwọn ẹlòmíì ti máa ń fi kànìnkànìn sí i, mo mú mẹ́ṣì Tàǹtí, ìdajì ìdì kan, mo lọ́ ọ, mo ká a sí àárín, mo fi irun gidi bò ó. Irin gbígbóná ò ní kan inú ibẹ̀. Mo pe Tàǹtí wá kó wò ó kí n tó bò ó tán. Ó di ọwọ́ mi mú, kò lè sọ̀rọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo gún òòyà fẹ́ẹ̀lì sí òkè òṣùká, sí ara kólẹ́sẹ̀, ó dúró bí ẹni kàn án mọ́ ọn, ó jó títí di òru, kò mì.

Ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e wá, kí a tú u. Mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ 6. A já òwú, a yọ ìdì 2 náà, ó fọ̀ wọ́n, ó ká wọn sínú ọ̀rá, ó ní àbúrò òun ló máa lò ó lọ́jọ́ tirẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bátí. Lápá òsì, irun wẹ́rẹ́ yẹn ti gùn bí ìrẹsì kan, ó ti dúdú. Lápá ọ̀tún, ibi tó ń dán ṣì ń dán, ó sì ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà.

Mo mú òòyà, mo bi í pé kí n bá a di èwo. Ó ní kí n má tíì di nǹkan kan, òun fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.